Klọ́ọ̀ṣì fún Golf 4 GTI tí a ti túùnù: bí a ṣe yan èyí tó bá ọ̀nà wa mu ní Kàbà

Ọkùn o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ kọ bí iṣẹ́ klọ́ọ̀ṣì yìí, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnì mọ́ gíà, ṣe lọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mò ń rí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń mú Golf àti Civic tòkúnbọ̀ wálé, wọ́n á náwó sórí tọ́bò, wọ́n á náwó sórí sọ́fúwíà, tó bá wá kan klọ́ọ̀ṣì wọ́n á kàn sọ fún oníṣòwò pé kó fún àwọn ní èyí tó le jù. Èyí tó le jù kọ́ lẹ nílò. Ẹ mọ iye tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára yíyí, tí ẹ́ńjìnì yín ń gbé jáde, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́, nǹkan méjèèjì yẹn ló máa yan klọ́ọ̀ṣì fún yín.

1. Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe

Golf 4 GTI ni, ẹ́ńjìnì 1.8T onífáàfù 20, gíà mánúà 5 tí wọ́n ń pè ní 02J. Bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, agbára ẹṣin 150 ló ní, tọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ 210 Nm, láti 1,750 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ló sì ti ń rí gbogbo 210 yẹn. Mo ti ní kí wọ́n túùnù rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n yí sọ́fúwíà kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì rẹ̀ padà, atẹ́gùn tí tọ́bò ń fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kúrò ní nǹkan bíi 0.6 bar ó di 1.1 bar, ọkọ̀ sì ń fò. Klọ́ọ̀ṣì tó bá a wá láti òkè òkun ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Àìsàn náà kì í hàn ní gíà kìíní tàbí ìkejì. Gíà kẹrin àti ìkarùn-ún ló ti ń hàn, pàápàá tí mo bá ń gun òkè. Mo wà ní 2,500 rpm, mo tẹ tọ́rọ́tù dé ilẹ̀, abẹ́rẹ́ rpm á fò dé 3,500 lójijì, ọkọ̀ ò sì sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Lẹ́yìn náà òórùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òórùn bírékì tó jó, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní ṣì í mú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní tọ́bò ló ti rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó tú tọ́bò sílẹ̀: ẹ wá ọ̀nà tó ṣófo, ẹ fi í sí gíà kẹrin, ẹ jẹ́ kó wà ní 2,000 sí 2,500, kí ẹ wá tẹ tọ́rọ́tù pátápátá. Tí rpm àti sípíìdì bá jọ ń gòkè pọ̀, klọ́ọ̀ṣì ṣì ń mú. Tí rpm bá dá lọ tó fi sípíìdì sílẹ̀, klọ́ọ̀ṣì ń sílíìpù nìyẹn. Àwọn kan máa ń fa háńdì bírékì, wọ́n á fi gíà kẹta sí i, wọ́n á tú klọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti wò bóyá ẹ́ńjìnì á kú. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, torí ìdánwò yẹn fúnra rẹ̀ ń jó klọ́ọ̀ṣì tó ṣì dáa.

2. Iye tọ́ọ̀kì tó wà nílẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Agbára ẹṣin kọ́ ló ń mú klọ́ọ̀ṣì sílíìpù, tọ́ọ̀kì ni. Tọ́bò kékeré tó tètè ń ta bíi K03 tó wà lára 1.8T yìí, kí rpm tó dé 3,000 ló ti máa da gbogbo tọ́ọ̀kì rẹ̀ lé klọ́ọ̀ṣì lórí, ìdí nìyẹn tí klọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe fún 210 Nm fi ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ dáínò tó ń wọn agbára ọkọ̀ nítòsí wa, nítorí náà a lo VCDS, sọ́fúwíà tó ń ka kọ̀ǹpútà Vọ́síwágìnì, lórí láàpútọ́ọ̀pù. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì máa ń sọ iye gíráàmù tó ń wọlé ní sẹ́kọ́ńdì kan. Àwọn tó ń túùnù máa ń fi 0.8 pín in láti mọ agbára ẹṣin, kò péye bíi dáínò ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Lókè pátápátá a rí 152, 152 tí a fi 0.8 pín jẹ́ 190. Ní 3,000 rpm a rí 100, ìyẹn agbára ẹṣin 125, ó jẹ́ nǹkan bíi kilowáàtì 93. Kilowáàtì lọ́nà 9,549, kí a fi rpm pín in: 93 × 9,549 ÷ 3,000, ó fún wa ní 296 Nm. Láti 210 dé 296! Kò sí bí klọ́ọ̀ṣì àtijọ́ á ṣe fara da ìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Mo fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣe sọ́fúwíà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín atẹ́gùn kù láàárín 2,500 sí 3,500, kó jẹ́ kí tọ́ọ̀kì dúró sí 280, kó má fọwọ́ kan òkè. Ó ṣe é, ó fi fáìlì ránṣẹ́. Agbára ẹṣin lókè ò yí padà rárá, ọkọ̀ kàn rọra ń gbéra ni. Tí ẹ bá lè ṣe irú èyí, ẹ ṣe é, torí 16 Nm tí a mú kúrò nísàlẹ̀ yẹn dín ìyà klọ́ọ̀ṣì kù ju bí ẹ ṣe rò lọ, kò sì ná wa ní nǹkan kan.

Nígbà náà a fi ìdá 20 nínú 100 lé e gẹ́gẹ́ bí àlàfo, nítorí ooru, nítorí òkè, nítorí ẹrù. 280 lọ́nà 1.2 jẹ́ 336 Nm. Klọ́ọ̀ṣì tó lè gbé nǹkan bíi 340 la wá ń wá. Kì í ṣe 500, kì í ṣe 600.

3. Àwọn tó wà níwájú wa

Èkínní ni pé ká ra irú tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tuntun, pẹ̀lú fláíwíìlì dual-mass tuntun. Fláíwíìlì ni irin ńlá tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tí díísìkì klọ́ọ̀ṣì ń fara mọ́. Ti dual-mass yẹn jẹ́ apá méjì tí sípíríìnì wà láàárín wọn, òun ló ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì mọ́ra kó má dé inú gíà. Ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dákẹ́ dáadáa, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ó wọ́n púpọ̀, sípíríìnì inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lábẹ́ tọ́ọ̀kì tó pọ̀ nísàlẹ̀ rpm, klọ́ọ̀ṣì ilé iṣẹ́ náà ò sì ní dé 336.

Ìkejì ni díísìkì onísẹ̀ mẹ́fà, irú èyí tí ohun èlò tó ń mú nínú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀rámíìkì tàbí irin tí wọ́n lọ̀ pọ̀. Ó ń mú gan-an, ó sì ń fara da ooru. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ní àárín: bóyá ó mú tàbí kò mú. Lórí pápá eré ìje, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń gbéra, lẹ́yìn ìyẹn gíà ló ń pààrọ̀. Ẹ wá wo ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja. Tírélà símẹ́ńtì tó ń jáde láti Ọbajana tò lọ síwájú yín, kòtò ń bẹ lápá ọ̀tún, ẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e ní gíà kìíní, ẹ dúró, ẹ tún wọ́, àyẹ̀wò ọlọ́pàá tún ń bọ̀ níwájú, ẹ tún dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú ní irú klọ́ọ̀ṣì yẹn nínú Civic rẹ̀, mo wà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá tú pẹ́dà sílẹ̀ ni ọkọ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní orí òkè, tí ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn yín tó sún mọ́ yín, ẹ̀rù á bà yín. Ó tún ń fìyà jẹ gíà àti áásù, torí gbogbo ìlù yẹn gbọ́dọ̀ lọ síbì kan.

Ìkẹta ni díísìkì tí wọ́n fi Kevlar, okùn tó le gan-an, ṣe. Ó rọ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó nílò ìtọ́jú gan-an níbẹ̀rẹ̀, tí ooru bá sì ti pọ̀ jù fún un lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á máa dán, kò sì ní mú dáadáa mọ́. Mo rò ó wò pẹ̀lú títẹ̀lé tírélà gun òkè nínú oòrùn oṣù kẹta, mo ní rárá.

Ìkẹrin ni èyí tí àwọn onívọ́síwágìnì ti ń lò fún ọjọ́ pípẹ́: fláíwíìlì tó wà lára àwọn ọkọ̀ G60, ìyẹn Corrado àti Golf àti Passat onísúpáṣájà tó jáde láàárín 1988 sí 1993, pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀ plétì (irin tó ń tẹ díísìkì mọ́ fláíwíìlì) àti díísìkì ti VR6, ẹ́ńjìnì Vọ́síwágìnì onísílíńdà 6, onífáàfù 12. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 228 mm. Ó wọ gíà 02J láìsí ìyípadà kankan. Fláíwíìlì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kò ní sípíríìnì nínú, nítorí náà díísìkì tó ní sípíríìnì láàárín gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ lásán, ó ń mú jẹ́jẹ́. Nǹkan bíi 340 Nm làwọn tó ti lò ó gbà pé ó lè gbé.

Mo tún ṣírò rẹ̀ fúnra mi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ohun tó ń mú nínú klọ́ọ̀ṣì jẹ́ ojú méjì, ìmú ohun èlò lásán jẹ́ nǹkan bíi 0.3, àárín ojú díísìkì 228 jẹ́ nǹkan bíi 94.5 mm sí àárín gbùngbùn. Kó tó lè gbé 336 Nm, 336 ÷ (2 × 0.3 × 0.0945), prẹ́ṣọ̀ plétì gbọ́dọ̀ fi agbára tó tó 5,900 N tẹ̀ ẹ́, ìyẹn bíi kílò 600. Prẹ́ṣọ̀ plétì fún ọkọ̀ lásán lè ṣe ìyẹn láìjẹ́ pé pẹ́dà á le débi tí orúnkún á máa dunni. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ti ń fi kún agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ náà lẹ ń fi kún ohun tó ń ti kránkì (ṣáfùtì ńlá inú ẹ́ńjìnì) síwájú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, bíárìn tó ń gba ìtì yẹn sì wà nínú ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ohun tí ẹ máa fẹ́ tú.

Ìkẹrin la mú.

4. Ríra

Fláíwíìlì G60 jẹ́ tòkúnbọ̀ láti Ládiípò ní Èkó. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi mo ní kí wọ́n ya fọ́tò ojú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo ń wá ilà tó là àti àmì búlúù tí ooru ń fi sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ní ìpata díẹ̀, kò sí ìlà kankan.

Klọ́ọ̀ṣì ló fún wa níṣòro. Oníṣòwò kọ́kọ́ fi páálì kan ránṣẹ́ tí wọ́n kọ VR6 sí lára, tuntun ni, ó mọ́ tónítóní. Mo fi kálípà wọn díísìkì: 240 mm. Ti VR6 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti èyí tó jáde lẹ́yìn, onífáàfù 24 tó ní gíà 6 tí wọ́n ń pè ní 02M. Kò lè jókòó sórí fláíwíìlì 228 láé. Ẹ má ṣe ra nǹkan yìí nípa orúkọ VR6 nìkan, ẹ sọ fún wọn pé onífáàfù 12, gíà 5, 228 mm, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé rúlà lé e nínú fọ́tò. Oníṣòwò gbà á padà láìjà, ó fi Sachs tó tọ́ ránṣẹ́, owó wébíìlì lọ àti bọ̀ nìkan ló jẹ́ tiwa.

Nígbà tí èyí tó tọ́ dé, kí a tó tú nǹkan kan lára ọkọ̀, a wo sípíríìnì díísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n jókòó dáadáa, a sì gbé prẹ́ṣọ̀ plétì lé orí fláíwíìlì láti rí i pé gbogbo ihò nọ́ọ̀tì bára mu.

5. Títú u

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi kan ní Kàbà la ti ṣe é, wọ́n ti ń tún Pijó àti Vọ́síwágìnì ṣe kí wọ́n tó bí mi. A yọ bátìrì àti páńtí rẹ̀, a yọ páìpù afẹ́fẹ́, sítátà, okùn gíà méjèèjì. Nọ́ọ̀tì áásù nínú jẹ́ onígun 12, súpánà lásán á bà á jẹ́, ẹ ra bíìtì rẹ̀, kí ẹ sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbọn erùpẹ̀ inú orí rẹ̀ kúrò pátápátá kí bíìtì lè wọlé dé ìsàlẹ̀.

Ṣílíńdà kékeré tó ń ti fọ́ọ̀kì klọ́ọ̀ṣì wà níta gíà 02J, ìyẹn dáa, nọ́ọ̀tì méjì ni. A yọ ọ́, a so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìtú ọ̀pá òróró rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tẹ pẹ́dà lákòókò yẹn torí písítìnì inú rẹ̀ á fò jáde.

A ò ní irin tó ń gbé ẹ́ńjìnì dání láti òkè. Ọ̀gá fi igi ìrókò tó nípọn dábùú lé fẹ́ńdà méjèèjì pẹ̀lú àkísà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ṣéènì so ẹ́ńjìnì mọ́ ọn, ó sì dúró gbọin. Gíà sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì.

Ohun tí a bá nínú ibẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Díísìkì àtijọ́ ti jẹ débi pé orí rífẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan irin, lápá kan 0.2 mm ló kù. Ojú prẹ́ṣọ̀ plétì ti tẹ̀ sínú, a gbé rúlà irin lé e, fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) 0.3 mm wọ abẹ́ rẹ̀, 0.2 sì ni òpin tí ìwé Vọ́síwágìnì gbà. Fláíwíìlì dual-mass ń mì síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, àmì búlúù ti kún ojú rẹ̀. Ọ̀gá dì í mú, wọ́n yí i, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Má dá nǹkan yìí padà sínú ọkọ̀ o, ó ti parí.” Mo ní, “Ẹ ṣé, ọ̀gá, a ti ra òmíì.”

Òróró díẹ̀ tún wà nísàlẹ̀ níbi síìlì ẹ̀yìn kránkì. Kò tíì dé orí díísìkì, ṣùgbọ́n a pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí tó bá jò lẹ́yìn tí a bá ti parí, iṣẹ́ yìí kan náà la máa tún ṣe, díísìkì tuntun á sì ti bàjẹ́. Síìlì tuntun yẹn jẹ́ irú PTFE, gbígbẹ la ń wọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró tàbí gírísì sí i lẹ́nu bí a ṣe ń ṣe sí síìlì onírọ́bà.

A gbé fláíwíìlì méjèèjì lé òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kaṣú nítòsí ṣọ́ọ̀bù: ti àtijọ́ lé ní kílò 11, G60 jẹ́ bíi kílò 7 àbọ̀.

6. Ojú fláíwíìlì

Ojú G60 ò dára tó láti lò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù dábàá pé ká fi sáńpépà ha á, ọ̀gá kọ̀, mo sì bá wọn kọ̀. Sáńpépà á mú ìpata kúrò lóòótọ́, àmọ́ kò lè sọ ọ́ di títẹ́jú. A gbé e lọ bá tọ́nà kan ní Lọ́kọ́ja tó ní ẹ̀rọ léèdì, ó gé 0.3 mm kúrò lójú rẹ̀. Tí ojú fláíwíìlì tiyín bá ní ìgbésẹ̀, tí ibi tí díísìkì ń kàn àti ibi tí prẹ́ṣọ̀ plétì ń jókòó ò sí lórí ìlà kan, ẹ ní kó gé méjèèjì ní iye kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára tí prẹ́ṣọ̀ plétì fi ń tẹ díísìkì á yí padà. Lẹ́yìn gígé, a gbé rúlà lé e, fílà gééjì tó kéré jù tí a ní, 0.05, ò wọ abẹ́ rẹ̀ níbì kankan.

7. Dídá a padà

Bírékì kílínà la fi fọ ojú fláíwíìlì àti prẹ́ṣọ̀ plétì. Ẹ má lo pẹtiróòlù, ó máa ń fi òróró sílẹ̀ tí ojú ò rí. Lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tán, ẹnikẹ́ni ò fi ìka lásán kan ojú yẹn mọ́.

Nọ́ọ̀tì fláíwíìlì tuntun ni, àwọn àtijọ́ ti nà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò wọ́n. A dè wọ́n bí àgbélébùú, 60 Nm, lẹ́yìn náà a fi ìdá mẹ́rin yíyípo kan kún un, ìyẹn 90 digíríì. A fi kíréónì fàlà sórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kí a lè rí i pé gbogbo wọn yí dé ibì kan náà. Torque wrench ṣe pàtàkì níbí, tí ẹ ò bá ní, ẹ yá a.

Díísìkì: ẹ̀gbẹ́ tí sípíríìnì rẹ̀ yọ síta ló ń kọjú sí gíà. Gírísì tó ń fara da ooru, díẹ̀ bíńtín, a fi sí eyín ṣáfùtì gíà, a ti díísìkì wọ̀ ọ́, a fà á jáde, a nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Tí gírísì bá pọ̀, ó máa fọ́n sórí díísìkì tí ẹ́ńjìnì bá ń yí. Ike tó ń to díísìkì sí àárín wà nínú páálì. Nọ́ọ̀tì prẹ́ṣọ̀ plétì, a ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìkọjú síra, ká má dé ọ̀kan tán kó tó kan èkejì, torí prẹ́ṣọ̀ plétì á tẹ̀. 20 Nm ló parí sí.

A pààrọ̀ rílíìsì bíárìn, èyí tó ń ti prẹ́ṣọ̀ plétì tí a bá tẹ pẹ́dà, ó wà nínú páálì. A wo fọ́ọ̀kì rẹ̀ àti ọ̀pá tí bíárìn ń rìn lórí rẹ̀, méjèèjì ṣì dára, a kan nù wọ́n.

Gbígbé gíà padà le ju yíyọ rẹ̀ lọ. Ó wọlé títí ó ku bí ìka méjì, ó kọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ti mú nọ́ọ̀tì gígùn wá pé ká fi fà á wọlé, ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi nọ́ọ̀tì fa gíà wọlé rárá. Tí kò bá wọlé fúnra rẹ̀, eyín ṣáfùtì ò tíì bá eyín díísìkì mu tàbí díísìkì ò sí ní àárín, tí ẹ bá sì fi ipá fà á ẹ máa tẹ àárín díísìkì, á sì máa fa klọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn náà láìsí ẹni tó mọ ìdí. A fi gíà sí ìkẹta, ẹnì kan rọra ń yí fláńjì áásù, èmi ń gbé jáàkì sókè sódò ní díẹ̀díẹ̀, ó wọlé gbọ̀ọ́ láìsí ariwo. Nọ́ọ̀tì ńlá tó so gíà mọ́ ẹ́ńjìnì 80 Nm, nọ́ọ̀tì áásù 40 Nm.

Òróró gíà, lítà 2, 75W-90 GL-4. Ẹ wo GL-4 yẹn dáadáa lára agolo, àwọn GL-5 kan ní èròjà tó ń jẹ bàbà inú gíà.

8. Afẹ́fẹ́ nínú òróró klọ́ọ̀ṣì

Pẹ́dà sọ̀ kalẹ̀ kò gòkè mọ́. Láti inú ife òróró bírékì ni klọ́ọ̀ṣì ti ń mu, a fi DOT 4 kún un, a bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀: ẹnì kan tẹ pẹ́dà, ẹnì kan tú níípù (ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde), dé e, fi ọwọ́ gbé pẹ́dà padà. A ṣe é títí, pẹ́dà dára dé ìdajì, kò kọjá ibẹ̀, gíà sì ń pariwo tí a bá fẹ́ wọ rífáàsì. Afẹ́fẹ́ máa ń gòkè, ọ̀pá òróró yìí sì ní ibì kan tó ga tí afẹ́fẹ́ ń há sí, bí a bá ń ti òróró láti òkè wá sísàlẹ̀ a kàn ń bá a jà lásán ni.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a ra síríńjì ńlá ní ilé oògùn àti rọ́bà tó bá ẹnu níípù mu. A fa òróró díẹ̀ kúrò nínú ife kó má bàa kún jù, a fi DOT 4 tuntun sínú síríńjì, a yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, a fi sí níípù ìsàlẹ̀, a wá rọra ti òróró gòkè. Èéhó afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ife lókè. Nígbà tí èéhó dáwọ́ dúró, a dé níípù, pẹ́dà gòkè, rífáàsì wọlé láìsí ariwo. Ẹ bo fẹ́ńdà àti ibi tí ọ̀dà wà, DOT 4 ń bó ọ̀dà ọkọ̀.

9. Owó

Fláíwíìlì G60 tòkúnbọ̀ ₦95,000. Tọ́nà ₦12,000. Klọ́ọ̀ṣì Sachs, páálì kan pẹ̀lú rílíìsì bíárìn ₦310,000. Nọ́ọ̀tì tuntun ₦18,000. Síìlì kránkì ₦28,000. Òróró gíà ₦22,000. DOT 4 ₦5,000. Wébíìlì ₦9,000. Owó iṣẹ́ ₦60,000. Àròpọ̀ ₦559,000. Iye tí wọ́n pè fún mi lórí fláíwíìlì dual-mass tuntun àti klọ́ọ̀ṣì ilé iṣẹ́ lé ní mílíọ̀nù kan láìtíì ka owó iṣẹ́, kò sì ní gbé 336 Nm. Ẹ wo owó yìí bí ìtọ́ka ni o, dọ́là ń yí i lójoojúmọ́.

10. Àwọn kìlómítà àkọ́kọ́, àti bó ṣe rí báyìí

Klọ́ọ̀ṣì tuntun nílò kí ojú díísìkì àti ojú irin mọ ara wọn. Fún kìlómítà 800 àkọ́kọ́, mi ò tẹ tọ́rọ́tù dé ilẹ̀, mi ò lo tọ́bò ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ìlú ló dára jù fún un, tí ẹ máa dúró tí ẹ máa gbéra léraléra: ọjà Kàbà, ibùdókọ̀, ká lọ sí Ìyámóyè ká padà. Ẹni tó bá wọ ọ̀nà gígùn ní ọjọ́ kejì tó sì ń sáré lórí gíà karùn-ún, kìlómítà á pọ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣùgbọ́n klọ́ọ̀ṣì ò tíì ṣiṣẹ́ kankan.

Lẹ́yìn 800 a tún ṣe ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, gíà kẹrin, 2,500, tọ́rọ́tù dé ilẹ̀. Rpm àti sípíìdì jọ gòkè títí. A tún wò ó pẹ̀lú VCDS, tọ́ọ̀kì ní 3,000 wà láàárín 275 sí 280 bí a ṣe fẹ́ ẹ, kò sí sílíìpù. Lórí òkè tó wà lọ́nà Ọbajana mo tẹ̀lé tírélà símẹ́ńtì gòkè ní gíà kìíní, mò ń dúró mò ń gbéra, kò fò, kò sì sí òórùn.

Pẹ́dà le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyàwó mi wà á lọ sí Mopa kò sì ráhùn. Ẹ́ńjìnì ń tètè gòkè torí fláíwíìlì fúyẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ló gbà kí ẹsẹ̀ mi tó mọ̀ ọ́n. Ohun kan tó yí padà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó ṣe é: tí ọkọ̀ bá dúró nínú nútírà tí ẹ ò tẹ pẹ́dà, ẹ máa gbọ́ ariwo kékeré nínú gíà, bí ẹni pé nǹkan kan ń gbọ̀n nínú agolo. Tí ẹ bá tẹ pẹ́dà ó dákẹ́. Eyín gíà ló ń kan ara wọn torí fláíwíìlì tó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra ti kúrò níbẹ̀. Kò ba nǹkan jẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ òdìkejì rẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà ni ariwo bẹ̀rẹ̀, rílíìsì bíárìn ni ẹ máa wò.